Rólù Fíìmù Tí Wọ́n Fi Dípò Owó Iṣẹ́: Ìtàn Fíìmù Kábọ́ì Ọdún 1920 Kan

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni kan wà ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ fún oníbàárà, àmọ́ tí kò gba owó iṣẹ́ náà lówó. Rólù fíìmù àtijọ́ ni wọ́n kó fún un dípò rẹ̀. Orúkọ fíìmù ọ̀hún ni The Daughter of Dawn. Ní nǹkan bí ọdún 2005, ó kàn sí ilé mùsíọ́mù kan ní Oklahoma City pé fíìmù kan wà lọ́wọ́ òun tí wọ́n yà ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, bóyá wọ́n á lè rà á. 35,000 dọ́là ló kọ́kọ́ pè é. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Oklahoma Historical Society, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn ìpínlẹ̀ náà, ìdúnàádúrà sì bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fẹnu kò. Lọ́dún 2007, ẹgbẹ́ náà san nǹkan bí 5,000 dọ́là, wọ́n kó rólù náà lọ.

Ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kí ni mo rí nínú fíìmù kábọ́ì tí ẹnikẹ́ni kò mọ òṣèré inú rẹ̀. Ìbéèrè náà bójú mu. Ẹni tó bá fẹ́ wo John Wayne, gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù kábọ́ì, mọ ibi tó ti máa rí i. Ta ni yóò wá máa wá fíìmù tí ilé iṣẹ́ kékeré kan yà lọ́dún 1920, tí wọ́n fi hàn níwọ̀nba ibi, tó sì pòórá fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún? Síbẹ̀ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń kó fíìmù àtijọ́ jọ máa ń lé kiri, tí wọ́n ń náwó lé lórí, tí wọ́n sì ń tọ́jú pamọ́ sínú ilé tiwọn. Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ The Daughter of Dawn wò dáadáa, nítorí pé ohun tó ń fà wọ́n hàn kedere nínú rẹ̀.

Texas Film Company ni ilé iṣẹ́ tó ya fíìmù náà. Richard Banks ló wà nídìí rẹ̀, òyìnbó kan tó ti bá àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà gbé pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì gbàgbọ́ pé ìgbésí ayé wọn tó ohun tí èèyàn lè fi ṣe sinimá láìfi òyìnbó sí i. Norbert Myles ló darí eré náà. Láti oṣù May títí di oṣù July ọdún 1920 ni wọ́n fi yà á, ní àgbègbè òkè Wichita ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Oklahoma. Àwọn òṣèré lé ní 300. Ọmọ Kiowa àti Comanche, ẹ̀yà méjì nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ náà, ni gbogbo wọn. Kò sí òyìnbó kankan lójú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí sójà, kò sí ṣẹ́rífù, àní kò sí kábọ́ì alára. Ṣùgbọ́n ẹṣin wà, òkè wà, pápá gbalasa wà, ogun wà, ìjínigbé wà, ìgbàlà sì wà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi kà á mọ́ fíìmù kábọ́ì.

Ẹni tó bá lọ sí ilé sinimá nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, nígbà tí fíìmù kábọ́ì ń jọba níbẹ̀, á rántí bí wọ́n ṣe máa ń lo àwọn ọmọ onílẹ̀ wọ̀nyí. Wọ́n á yọ lókè òkè, wọ́n á hó yèè, ìbọn á dún, wọ́n á jábọ́ lórí ẹṣin. Ó tán. Tí ọ̀kan nínú wọn bá tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ láti sọ, òyìnbó tí wọ́n fi àtíkè pupa kùn lójú, tí wọ́n dé irun àtọwọ́dá fún, ni yóò sọ ọ́. Fi ìyẹn sọ́kàn, kí o tó wo orúkọ àwọn tó ṣe eré nínú fíìmù 1920 yìí.

White Parker ló ṣe ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ akọni eré náà, White Eagle. Wanada Parker, arábìnrin rẹ̀, ló ṣe Red Wing. Ọmọ Quanah Parker ni àwọn méjèèjì, aṣáájú Comanche tó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà jà títí di ọdún 1875 kí ó tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí Fort Sill, ibùdó ọmọ ogun kan ní Oklahoma. Ìyá Quanah, Cynthia Ann Parker, òyìnbó ni. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn Comanche jí i gbé ní Texas lọ́dún 1836, ó sì dàgbà di ọ̀kan nínú wọn. Ìtàn ìdílé yìí nìkan ti tó fún ogún fíìmù. Quanah fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí kámẹ́rà: lọ́dún 1908 ó hàn nínú The Bank Robbery, fíìmù kúkúrú kan tí wọ́n yà ní agbègbè Cache ní Oklahoma kan náà. Ó kú lọ́dún 1911. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá dúró níwájú kámẹ́rà Myles ní ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tí bàbá wọn mọ̀ bí ẹní mowó ni wọ́n dúró lé.

Esther LeBarre ló ṣe ọmọbìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe fíìmù náà. Jack Sankadota ṣe Black Wolf, ọlọ̀tẹ̀ inú eré. Hunting Horse, àgbàlagbà Kiowa tó ti fojú ara rẹ̀ rí ayé ìgbà tí ẹfọ̀n Amẹ́ríkà ṣì ń rìn káàkiri pápá, ló ṣe olóyè.

Ìtàn inú rẹ̀ kò le. Ọmọbìnrin olóyè Kiowa fẹ́ràn White Eagle. Black Wolf náà ń wá a, òun sì ní ẹṣin púpọ̀. Bàbá ọmọbìnrin ní kí àwọn méjèèjì bẹ́ sílẹ̀ láti etí òkè gíga, kí òun lè mọ ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ dénú. White Eagle bẹ́. Ẹ̀rù ba Black Wolf, ó sì di ẹni ẹ̀tẹ́ lójú gbogbo ìlú. Inú ń bí i, ó lọ bá àwọn Comanche ọ̀tá ṣe àdéhùn, wọ́n wá kọlu abúlé, wọ́n kó àwọn obìnrin lọ. White Eagle àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lépa wọn, wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀, Black Wolf kú. Red Wing tó ti ń fẹ́ràn Black Wolf lójú kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ọkùnrin náà kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, pa ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkú rẹ̀. Lójú tèmi, Red Wing ni ẹ̀dá tó jinlẹ̀ jù nínú eré náà, Wanada Parker sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyókù ìtàn náà, òyìnbó ló kọ ọ́, ó sì hàn bẹ́ẹ̀: irú ìtàn ìfẹ́ tí ọjà sinimá 1920 ń fẹ́ ni.

Tí ìtàn bá jẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù, kò ní sí ìdí láti sọ nípa èyí. Àmọ́ wo ohun tó wà yí ìtàn náà ká. Àwọn òṣèré náà kò gba aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ tiwọn ni wọ́n wọ̀, ohun ọ̀ṣọ́ tiwọn ni wọ́n lò, ẹṣin àti àgọ́ típì tiwọn ni wọ́n kó wá. Ní Hollywood lákòókò yẹn, aṣọ-eré ni wọ́n máa ń fún àwọn tó bá ṣe ọmọ onílẹ̀, wọ́n á fi ìyẹ́ ẹ̀yà kan mọ́ bàtà ẹ̀yà mìíràn, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní òkè Wichita, ohun tó jáde wá láti inú àpótí ìdílé ni kámẹ́rà rí. Àwọn kan nínú àwọn tó wọ aṣọ wọ̀nyẹn ni ọmọ àwọn tó rán wọn.

Wo típì kan báyìí. Láàárín abúlé inú fíìmù, ọ̀kan wà tí àwòrán ogun kún ara rẹ̀: àwọn jagunjagun lórí ẹṣin, ìjà lóríṣiríṣi, tí wọ́n fi kun ìta àgọ́ náà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé iṣẹ́ àwọn aṣẹ̀dá-ìran ni, pé wọ́n kùn ún kí ó lè dára lójú kámẹ́rà. Típì tòótọ́ ni. Láàárín àwọn Kiowa, àwòrán irú èyí jẹ́ àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn tí wọ́n mọ orúkọ wọn, ẹ̀tọ́ láti kùn ún sì wà lọ́wọ́ ìdílé. Típì náà wà nínú àkójọ Oklahoma Historical Society, ẹgbẹ́ kan náà tó wá ra fíìmù náà. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó rí fíìmù, aṣọ àgọ́ náà ti wà nílé wọn, ní kíká, láìsí ẹni tó mọ̀ pé ó wà nínú sinimá, tó dúró gbọn-in nínú oòrùn, tí èèyàn ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀.

Ẹfọ̀n náà ń kọ́? Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, ọdẹ òyìnbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹfọ̀n gúúsù pápá Amẹ́ríkà tán. Lọ́dún 1907, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó ẹfọ̀n 15 láti ọgbà ẹranko Bronx ní New York wá sí ọgbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sọ́tọ̀ ní òkè Wichita. Quanah Parker wà lára àwọn tó wá wò wọ́n nígbà tí wọ́n dé. Ọdún 13 lẹ́yìn náà, ẹran náà ti pọ̀ sí i, nígbà tí White Eagle sì lọ ṣọdẹ nínú fíìmù, àwọn ẹfọ̀n Wichita yìí ni kámẹ́rà ń wò. Agbo ẹran tó ń ṣàn kọjá lórí koríko, tí àwọn ọkùnrin sì ń sá ẹṣin tẹ̀ lé wọn: ohun tí àwọn bàbá wọn ń ṣe fún oúnjẹ ni wọ́n ń ṣe níwájú kámẹ́rà.

Ijó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ijó yìí sì gba àlàyé. Láti ọdún 1883 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe òfin tó ka ọ̀pọ̀ ijó ìbílẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Lóṣù April ọdún 1921, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n parí fíìmù náà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn, Charles Burke, tún kọ̀wé sí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dín ijó kù. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wà ní àgbègbè náà fi ẹjọ́ sùn pé ijó ati ìpéjọ tó ń wáyé ní àgọ́ àwọn òṣèré ń ba àwọn ọmọ onílẹ̀ jẹ́. Ìwọ tó ń wo fíìmù náà lónìí, ohun tí òṣìṣẹ́ yẹn fẹ́ kí ó dópin lò ń wò. Kámẹ́rà tó wá wá owó ló fún wọn láyè láti péjọ, láti pàgọ́, láti jó, fún odindi oṣù mélòó kan. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá kò wá nítorí sinimá nìkan.

Lóṣù October 1920, wọ́n fi í han àwọn èèyàn ní Los Angeles. Wọ́n fi hàn ní ìlú díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́.

Kò sí ohun tó yani lẹ́nu nínú pé ó pòórá. Ìwádìí tí Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2013 ka fíìmù gígùn 10,919 tí Amẹ́ríkà ṣe láàárín 1912 sí 1929, nígbà tí sinimá kò tíì ní ohùn. Nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ṣì wà ní pípé bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e jáde. Bí a bá fi àwọn tó kù ní àgékù tàbí lórí fíìmù ilé kéékèèké kún un, nǹkan bí ìdá 70 ṣì ti lọ ráúráú. Fíìmù kábọ́ì wà lára àwọn tó jìyà. Ohun tí wọ́n ń ṣe jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn ìlú kéékèèké ni, bí ọ̀sẹ̀ bá sì ti kọjá, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè rẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ Fox ní ilé ìkófíìmù-sí kan ní Little Ferry ní New Jersey. Iná sọ níbẹ̀ lóṣù July 1937, ó sì jó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú fíìmù aláìlóhùn tí wọ́n ní. Bí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Tom Mix, ẹni tó lókìkí jù nínú kábọ́ì ìgbà yẹn, ṣe lọ nìyẹn. Ní ti Universal, ilé iṣẹ́ sinimá mìíràn, kò sí iná kankan tí a máa dá lẹ́bi. Lọ́dún 1948 àwọn fúnra wọn ló ba fíìmù aláìlóhùn wọn jẹ́, wọ́n kà á sí ẹrù tí kò wúlò mọ́. Mo ti ka èyí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn mí bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà dá kún ìṣòro. Irú ike kan tí wọ́n ń pè ní nitrate ni wọ́n ń lò títí di nǹkan bí ọdún 1951. Àwòrán rẹ̀ lẹ́wà, dúdú rẹ̀ jinlẹ̀, funfun rẹ̀ ń tàn. Ṣùgbọ́n tó bá gbaná, omi kò lè pa á, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń pèsè ọ́síjìn tó ń fi jó. Bí kò bá jó, á jẹrà. Ẹni tó bá ṣí agolo nitrate tó ti ń bàjẹ́, òórùn kíkan ló máa kọ́kọ́ bá a pàdé. Àwòrán á ti máa ṣá. Ojú fíìmù á wá yọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ra wọn bí oyin, ẹni tó bá fẹ́ tú rólù náà á máa ya àwòrán kúrò lára rẹ̀. Á hó, á gan, á di òkìtì kan ṣoṣo, lẹ́yìn rẹ̀ á di ìyẹ̀fun rúsúrúsú nínú agolo. Kò sí bí a ṣe lè dá a padà láti ibẹ̀.

Báwo wá ni èyí tó kù ṣe kù? Ọwọ́ àwọn aládàáni ni púpọ̀ wà, àti ilẹ̀ òkèèrè. Straight Shooting, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí John Ford, olùdarí fíìmù kábọ́ì olókìkí, darí lọ́dún 1917, ilé ìpamọ́ fíìmù ní Prague ni wọ́n ti rí i ní àárín ọdún 1960 sí 1970. Bucking Broadway tó ṣe lọ́dún kan náà, ilẹ̀ Faransé ló ti jáde. Nínú nǹkan bí fíìmù 25 tí Ford àti òṣèré Harry Carey jọ ṣe, a lè fi ìka ọwọ́ kan ka èyí tó kù. Ní ti àwọn aládàáni, ọ̀nà wọn kò dán. Ilé iṣẹ́ sinimá kì í ta fíìmù fún ẹnikẹ́ni láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń yá ilé sinimá ni, kí wọ́n dá a padà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní rólù nílé, wọ́n lè bi í léèrè pé níbo lo ti rí i. Lóṣù December 1974, FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, tú ilé òṣèré Roddy McDowall wò, wọ́n sì kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún fíìmù tó kó jọ lọ. Wọn kò fẹ̀sùn kàn án ní kóòtù, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù gba gbogbo ẹgbẹ́ akófíìmù-jọ. Láti ìgbà yẹn, àwọn èèyàn ń ta, wọ́n ń rà, wọ́n ń ṣe pààrọ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọ nǹkan kan sílẹ̀. Fíìmù lè kọjá lọ́wọ́ èèyàn mẹ́fà láìsí ìwé ẹyọ kan.

Ìdí nìyí tí kò fi yà mí lẹ́nu pé The Daughter of Dawn jáde wá gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Bí irú ẹrù yìí ṣe máa ń rìn ni.

Ohun kan ló ṣe é ní àǹfààní. Orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ lórí ìwé. Lọ́dún 1999, òǹkọ̀wé kan kọ àròkọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Oklahoma Historical Society, láìtíì sí ẹni tó rí ẹyọ àwòrán kan lórí rólù. Nítorí náà nígbà tí ìpè wá láti North Carolina, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ronú lórí ìyẹn. Ká ní kò sí ẹni tó jókòó kọ àròkọ nípa fíìmù tó ti sọnù, èèyàn lè gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n ní kò sí àyè.

Ní ti owó tó já wálẹ̀ láti 35,000 sí nǹkan bí 5,000, èrò tèmi ni pé ọjà fíìmù kábọ́ì ń fi ojú òṣèré díwọ̀n. Pósítà tó ní orúkọ Tom Mix lára á ta. Fíìmù tí kò ní orúkọ kan tí ọjà mọ̀, tí a kò lè fi hàn nílé nítorí pé ó lè jó, tí ẹ̀tọ́ oníǹkan rẹ̀ sì ti parí tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ta ló kù láti rà á? Àwọn tí ohun inú rẹ̀ jẹ́ tiwọn nìkan. Bí ẹgbẹ́ Oklahoma kò bá dúró tì í títí wọ́n fi rà á, inú agolo ni ì bá ti parí ayé rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan ní Hollywood ló bá wọn ṣe àtúnṣe rẹ̀. Fíìmù náà pé, nǹkan bí ọgọ́rin ìṣẹ́jú. Wọ́n ní kí David Yeagley, olórin tó jẹ́ ọmọ Comanche, kọ orin sí i, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oklahoma City University sì lù ú. Lóṣù June 2012 wọ́n fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù kan ní Oklahoma City. Ní 2013, Library of Congress fi orúkọ rẹ̀ sínú National Film Registry, níbi tí wọ́n ń kọ fíìmù tí Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ pàdánù sí. Ní 2016 ni Milestone Films gbé e jáde lórí dísìkì, tí ẹnikẹ́ni wá lè rà á sílé.

Ṣùgbọ́n ibi tó ká mi lára jù ni ìgbà tí wọ́n fi í han àwọn ìdílé. Àwọn Kiowa àti Comanche jókòó wò ó, wọ́n ń tọ́ka. Bàbá àgbà mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn. Àgbàlagbà Kiowa kan rí ìyá rẹ̀ lójú fíìmù, ọ̀dọ́mọbìnrin ni nígbà náà, ó ń rìn lórí ilẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ìwé orúkọ òṣèré. Ó kan wà lẹ́yìn, láàárín èrò, ó wọ aṣọ tó rẹwà, ó kọjá. Ojú àwọn tó kọjá lẹ́yìn ni àwa tá a ń kó fíìmù jọ máa ń dá rólù dúró láti wò. Nínú fíìmù olókìkí, ojú òṣèré kún gbogbo fírémù, wọ́n ti tò ó, wọ́n ti fi iná tàn án, kò sí àyè fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò pète. Fíìmù tí kò lówó kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìta gbangba ló ti ń ya àwòrán, oòrùn ni iná rẹ̀, ará àdúgbò ni èrò rẹ̀. Ó ń kó ayé sínú láìmọ̀. Kí o tó rí fíìmù kan tó kó ayé púpọ̀ bí ti òkè Wichita, o lè wo ọgọ́rùn-ún tí kò ní nǹkan kan ju ẹṣin tó ń sáré lọ. A ń wo ọgọ́rùn-ún náà nítorí ẹyọ kan yẹn.

Èmi kò fara mọ́ gbogbo ohun tí àwọn akófíìmù-jọ ń ṣe. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbádùn pé àwọn nìkan ló ní nǹkan, tí wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i títí wọ́n fi kú. Nitrate kì í dúró de irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀. Bí rólù òkè Wichita bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ilé tí ooru ti ń mú, ìyẹ̀fun ni wọn ì bá kó fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Ẹni tó bá ní fíìmù àtijọ́ lọ́wọ́, tí ó kà á létí fíìmù pé nitrate ni, kí ó má ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ. Kí ó gbé e síbi tó tutù, tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, jìnnà sí iná, kí ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, nítorí èyí tó ti ń bàjẹ́ máa ń ba èyí tó dára jẹ́. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ inú àkọlé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àti orúkọ èyíkéyìí tó bá rí. Kí ó wá kàn sí ilé ìpamọ́ fíìmù tó sún mọ́ ọn kí rólù náà tó kọjá sọ́wọ́ ẹlòmíì, nítorí pé àwọn ìdílé tó lè tọ́ka sí ojú inú rẹ̀ kò ní wà láyé títí.